Ọ̀pẹ Kò Ní Ẹ̀ka

Nígbàkígbà tí ọyẹ́ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, tí a sì ń retí òjò àkọ́rọ̀, ìbéèrè kan náà ni àwọn òǹkàwé wa ní Kambolé, ní Tchamba àti ní Sokodé máa ń gbé tọ̀ wá wá. Àwọn tí ó ń béèrè kì í ṣe àjèjì sí iṣẹ́ ilẹ̀. Àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Iṣu wọn ń ta, àgbàdo wọn ń yọmọ, ewúro kì í sì í wọ́n lẹ́yìnkùlé wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ kékeré tí wọ́n fi owó rà, tí wọ́n gbìn sí iwájú ilé fún ẹwà, ti gbẹ bí ìgbálẹ̀ lórí ìdúró. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí ó pa á.

Ní ọdún yìí, ìyá àgbà kan ní Kambolé ni ó mú kí a pinnu láti fi gbogbo àyè wa dáhùn. Ọmọ rẹ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Lomé ni ó ra ọ̀pẹ méjì fún un. Ó rà wọ́n ní Sokodé, lẹ́bàá ọ̀nà, ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ igi tà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní pépinière. Ó gbé wọn sínú ọkọ̀, ó gba Tchamba kọjá, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn wọ́n sí ọ̀tún àti òsì ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀ kí ó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Oṣù Bélú ni èyí ṣẹlẹ̀, nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró. Nígbà tí a dé ibẹ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà, ọ̀kan nínú wọn ti kú. Ìyá ṣì ń gbálẹ̀ yí i ká láràárọ̀.

“Ẹ̀yin ọmọ mi,” ni ó wí, “ṣé ọwọ́ mi ni kò gba igi mọ́? Kí ni n ó sọ fún ọmọ náà bí ó bá dé?”

A bẹ̀rẹ̀ wo ìdí igi náà, a sì rí i pé wọ́n ti gé orí rẹ̀ kúrò. A ní, “Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó gé e?”

“Èmi ni mo gé e. Mo rí i pé ewé rẹ̀ ń pọ́n, mo ní kí n gé e kí ó lè rú mìíràn, bí mo ti máa ń ṣe fún ewúro mi.”

A kò lè dá ìyá lẹ́bi. Ọgbọ́n tí ó ti bọ́ ilé láti ìran dé ìran ni ó lò. A gé ewúro, ó rú. A gé igi tíìkì mọ́lẹ̀, kùkùté rẹ̀ tún hù. Àwọn àgbà pàápàá kọ́ wa pé kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, nítorí bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Òwe náà tọ́ fún ìrókò, ó sì tọ́ fún ọmọ títọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ kò ní ẹ̀ka tí a lè pa. Ẹni tí ó bá mú ọgbọ́n ìrókò lọ sídìí ọ̀pẹ yóò pa ọ̀pẹ, ohun tí a sì fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa mú lọ sílé lónìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ara ọ̀pẹ dáadáa. Igi bíi máńgò ní ojú púpọ̀ lára, tí ó lè rúwé. Bí a bá gé ọ̀kan, òmíràn yóò jí. Igi ọ̀pẹ kọ̀ọ̀kan ní ojú kan ṣoṣo. Ojú náà wà lókè, láàrin gbùngbùn, níbi tí ìdí àwọn imọ̀ ti wé mọ́ ara wọn bí aṣọ. Ibẹ̀ ni ọkàn ọ̀pẹ. Inú rẹ̀ ni gbogbo ewé ti ń jáde, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá yọ tí kò tíì là, tí ó nàró bí ọ̀kọ̀, ni àwọn bàbá wa ń pè ní ọ̀gọ̀mọ̀. Bí ọkàn náà bá kú, kò sí ojú mìíràn tí yóò rọ́pò rẹ̀. Igi náà lè dúró fún oṣù mélòó kan pẹ̀lú ewé tútù lórí, ṣùgbọ́n ó ti kú.

Ohun kejì ni pé ọgbẹ́ ara ọ̀pẹ kì í jinná bí ti àwọn igi yòókù. Bí a bá ṣá máńgò lọ́bẹ, èèpo rẹ̀ yóò máa wú bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bo ojú ọgbẹ́. Ọ̀pẹ kò ní irú awọ tí ń sanra bẹ́ẹ̀ lábẹ́ èèpo. Ibi tí ọkọ́ bá bà lára rẹ̀, ibi tí ìṣó bá wọlé, ibi tí okùn ewúrẹ́ bá ha, yóò wà bẹ́ẹ̀ títí ayé igi náà. Nítorí náà, ẹ má ṣe so ẹran mọ́ ọn, ẹ má sì ṣe fi ọkọ́ ro ìdí rẹ̀. Ọwọ́ ni kí ẹ fi fa koríko ibẹ̀. Ẹ ṣe ọgbà yí i ká ní ọdún méjì àkọ́kọ́ pẹ̀lú, nítorí ewúrẹ́ kan ṣoṣo tí ó bá jẹ ọ̀gọ̀mọ̀ dé ọkàn ti parí iṣẹ́.

Irú ọ̀pẹ wo gan-an ni a ń sọ? A kò lè pè wọ́n ní ọ̀pẹ òyìnbó, nítorí ọ̀pọ̀ Yorùbá ti fi orúkọ yẹn fún èso dídùn tí gbogbo wa mọ̀. Ẹ jẹ́ kí a pè wọ́n ní ọ̀pẹ ọ̀ṣọ́. Mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ jù nínú ọ̀rá dúdú àwọn pépinière.

Èkíní ni èyí tí wọ́n ń pè ní aréca, tí igi rẹ̀ ń yọ pọ̀ láti ìdí kan, tí ọ̀pá ewé rẹ̀ sì pọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìlà-oòrùn Madagásíkà ni ó ti wá. Orúkọ rẹ̀ a máa ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà: kì í ṣe òun ni aréca tí àwọn ará Éṣíà ń jẹ èso rẹ̀ bí àwa ti ń jẹ obì. Èkejì ni dattier nain, ìbátan igi tí ń so èso déètì. Etí odò Mékong àti àyíká rẹ̀, ní Laos, ní Vietnam àti ní gúúsù Ṣáínà, ni ilé rẹ̀. Kì í sábà ga ju mítà mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ẹ̀gún tí ó wà nídìí ewé rẹ̀ bí ọmọdé bá wà nílé. Ẹ̀kẹta ni chamaedorea, èyí tí ó kéré jùlọ, tí ó ti inú igbó Mẹ́síkò àti Guatemala wá. Abẹ́ òjìji igi ńlá ni wọ́n bí i sí. Bí a bá gbé e sínú oòrùn ọ̀sán wa, yóò jóná láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ipò rẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí ó pa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: ibi tí afẹ́fẹ́ ti tutù ni wọ́n ti wá. Ìdí nìyí tí ọmọ ìyá àgbà wa fi ṣe àṣìṣe láìmọ̀. Ó rí aréca tí ó ń tàn yọ̀yọ̀ ní Lomé, ó sì rò pé níwọ̀n ìgbà tí òjò ilé wa pọ̀ ju ti Lomé lọ, yóò ṣe dáadáa jù níhìn-ín. Òótọ́ ni pé òjò wa pọ̀ jù. Òjò Lomé kò tó 1,000 mìlímítà lọ́dún; ti Sokodé lé ní 1,200. Ṣùgbọ́n Lomé ní òkun, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì kún fún ọ̀rinrin ní gbogbo oṣù. Àwa ní àsìkò òjò kan ṣoṣo, láti nǹkan bí oṣù Igbe títí dé oṣù Ọ̀wàrà. Lẹ́yìn rẹ̀, ọyẹ́ a fẹ́ láti ìhà aṣálẹ̀, yóò sì fa omi kúrò lára ewé ju bí gbòǹgbò ti lè fà á láti inú ilẹ̀ lọ. Kì í ṣe òǹgbẹ òjò ni ó ń pa ọ̀pẹ ọ̀ṣọ́ wa, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni. Èyí náà ni kì í jẹ́ kí ọ̀pẹ epo pàápàá ṣe dáadáa ní ìhà ọ̀dọ̀ wa bí kò ṣe ní ìsàlẹ̀ àfonífojì àti létí odò.

Nítorí náà, àsìkò gbígbìn ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ẹ má ṣe gbin ọ̀pẹ ní ìparí ọdún nítorí pé ìgbà náà ni àwọn ọmọ ń ti ìrìn-àjò dé. Bí wọ́n bá mú un wá ní àsìkò yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ nínú ọ̀rá rẹ̀, ẹ gbé e sí abẹ́ òjìji, ẹ máa bomi rin ín, títí òjò yóò fi múlẹ̀. Ní Tógò, ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ni ọjọ́ tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń gbin igi. Ọjọ́ náà dára fún ọ̀pẹ pẹ̀lú. Ọ̀pẹ tí a bá gbìn ní oṣù kẹfà yóò ti ní oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún láti ta gbòǹgbò kí ọyẹ́ tó bá a. Èyí tí a bá gbìn ní oṣù Bélú kò ní ọjọ́ kan.

Ẹ gbẹ́ ihò tí ó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì ọ̀rá, ṣùgbọ́n kí ó má jìn ju ọ̀rá náà lọ. Ẹ po ilẹ̀dú pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ ewúrẹ́ tí ó ti pẹ́, tí ó ti di erùpẹ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ la ọ̀rá náà kúrò pátápátá, kí ẹ má sì jẹ́ kí erùpẹ̀ inú rẹ̀ fọ́, nítorí ẹlẹgẹ́ ni gbòǹgbò ọ̀pẹ kékeré. Ibi tí erùpẹ̀ dé lára igi náà nínú ọ̀rá ni kí ó dé nínú ilẹ̀: bí ẹ bá rì í jù, yóò jẹrà, bí ẹ bá gbé e sókè jù, gbòǹgbò tuntun kò ní rí ilẹ̀ mú. Ní ti ibi tí a ó gbìn ín sí, ẹ má ṣe bẹ̀rù ògiri ilé nítorí gbòǹgbò. Gbòǹgbò ọ̀pẹ kì í sanra bí ti àwọn igi yòókù. Tín-ín-rín ni ó ń wà. Ohun tí ẹ ó bẹ̀rù ni ògiri sìmẹ́ǹtì tí ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, tí ń gbóná bí ààrò lọ́sàn-án. Ìhà tí oòrùn òwúrọ̀ ti ń tàn, tí ilé sì ń dá ọyẹ́ dúró, ni ó dára jùlọ.

Omi ni ìṣòro tó le jù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí a mọ ẹni tí ń pọn ọ́n àti bí ọ̀nà ti jìn tó. A kò ní sọ fún ìyá kankan pé kí ó máa da omi mímu sílẹ̀ fún òdòdó. Ṣùgbọ́n ilé wa kò ṣàìní omi tí a ti lò lẹ́ẹ̀kan tí ó ṣì mọ́. Omi tí a fi fọ ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ dára fún ọ̀pẹ. Ní ilé àwọn Mùsùlùmí, tí ó pọ̀ láàrin wa ní Tchamba àti ní Sokodé, omi àlùwàlá ń kán sílẹ̀ ní ìgbà márùn-ún lójúmọ́, kò sì ní ọṣẹ nínú. A mọ ilé kan tí wọ́n gbin aréca sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá, tí ẹnikẹ́ni kò sì bomi rin ín lọ́tọ̀ rí. Igi náà ti ga ju ilẹ̀kùn lọ.

Ọ̀nà mìíràn ni ìkòkò amọ̀. Ẹ ri ìkòkò tí a kò kùn, tí kò sì ní ihò, mọ́lẹ̀ títí dé ọrùn ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀pẹ. Ẹ pọn omi kún un, kí ẹ sì fi òkúta pẹlẹbẹ bo ẹnu rẹ̀ kí ẹ̀fọn má baà yé sínú rẹ̀. Amọ̀ yóò máa tú omi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí gbòǹgbò, oòrùn kò sì ní rí i fà. Ẹ wá fi èèpo ẹ̀pà tàbí koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ yí ọ̀pẹ ká, ṣùgbọ́n kí ó jìnnà sí ìdí igi ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, nítorí ikán fẹ́ràn ibi tí ó ṣókùnkùn, igi tí òǹgbẹ ń gbẹ ni ó sì ń kọ́kọ́ jẹ.

Níhìn-ín, a ní láti jẹ́wọ́ àṣìṣe tiwa. Fún ọdún méjì, bí ewé ìsàlẹ̀ dattier nain wa bá ti ń pọ́n báyìí, a ó gé e kí iwájú ilé lè mọ́. Bí a ti ń gé e, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ó wà lókè rẹ̀ ń pọ́n tẹ̀ lé e, títí ó fi ku ewé mẹ́rin. A kò mọ̀ pé ọ̀pẹ tí oúnjẹ ilẹ̀ kò tó fún a máa yá lára ewé rẹ̀ àtijọ́ láti fi tọ́ ewé tuntun. Potásíọ̀mù ni ó sábà máa ń ṣàìtó. Bí a bá gé ewé tí ń pọ́n, a ti kó oúnjẹ kúrò lẹ́nu ọmọ nìyẹn. Ọ̀pẹ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yá lára ewé tí ó tẹ̀ lé e. Ẹ fi ewé náà sílẹ̀ títí yóò fi gbẹ ráúráú. Eérú ààrò ní potásíọ̀mù nínú: ẹ̀kúnwọ́ kan lẹ́ẹ̀kan lóṣù nígbà òjò, tí a wọ́n yí igi ká, tí kò kan ara rẹ̀, ti tó. Ẹ má ṣe jù ú lọ, nítorí eérú tí ó bá pọ̀ jù yóò sọ ilẹ̀ di èyí tí kò lè fún igi ní irin àti àwọn èròjà mìíràn.

Ọ̀tá kan wà tí ó yẹ kí a mọ̀: kòkòrò dúdú ńlá oníwo, tí ń jẹ wọ inú ọkàn ọ̀pẹ lóru. Àmì rẹ̀ ni pé nígbà tí ọ̀gọ̀mọ̀ bá là, ewé rẹ̀ yóò dà bí èyí tí a fi àlùmọ́gàjí gé ní igun mẹ́ta. Inú ààtàn ìgbẹ́ ẹran àti ìtì ọ̀pẹ jíjẹrà ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà. Ẹ gbé ààtàn jìnnà sí ọ̀pẹ, ẹ sì máa tú u wò.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí a mọ̀ pé kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn. Ọ̀gọ̀mọ̀ àti màrìwò níyì láàrin wa. A ń fi wọ́n ṣe ọ̀ṣọ́ níbi ìgbéyàwó àti ní ẹnu ọ̀nà àlejò pàtàkì. Àwọn Kristẹni ń gbé imọ̀ ọ̀pẹ ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú Àjíǹde. Àwọn tí ó di ìṣẹ̀ṣe mú ń ta màrìwò sí ojúbọ. A kò ní kí ẹnikẹ́ni fi àṣà rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ní ọdọọdún, nítorí pé oko jìnnà, àwọn ọmọdé a máa gé ọ̀gọ̀mọ̀ ọ̀pẹ kékeré tí ó wà lágbàlá. Ọ̀pẹ epo tí ó ti dàgbà lè mú ewé tí ó tó 20 sí 25 jáde lọ́dún kan. Bí a bá gba ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ewé tí ọ̀pẹ kékeré ń mú jáde kò tó nǹkan, ọkàn rẹ̀ sì súnmọ́ ojú ọ̀bẹ. Ẹ lọ bá àgbà ọ̀pẹ létí odò. Bí ẹ kò bá sì lè lọ, ewé ẹ̀gbẹ́ tí ó ti là ni kí ẹ gé, kì í ṣe èyí tí ó nàró láàrin.

Ẹni tí kò bá sì ní owó ọ̀pẹ ọ̀ṣọ́, kí ó wo ẹ̀yìn ààtàn rẹ̀ nígbà òjò. Ekùrọ́ tí a dà nù lẹ́yìn tí a fún epo tán a máa hù níbẹ̀, nítorí ooru ààtàn ni ó ń jí i lójú oorun. A ń fà á tu bí koríko, a sì ń lọ san owó fún ọmọ Madagásíkà. Bí àyè bá wà, tí omi sì súnmọ́, ẹ lọ́ ọ̀kan gbìn. Yóò pẹ́ kí ó tó ga, ẹwà rẹ̀ ní kékeré kò sì kéré sí ti àjèjì.

Ní ti ìyá wa ní Kambolé, a di ọ̀gọ̀mọ̀ ọ̀pẹ kejì mú, a fà á pẹ̀lẹ́. Bí ọkàn bá ti jẹrà, ọ̀gọ̀mọ̀ yóò tú wá sí ni lọ́wọ́ pẹ̀lú òórùn. Èyí kò mira. A ri ìkòkò kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a sì fi ẹní koríko dá ọyẹ́ dúró fún un. Nígbà tí a padà lọ lẹ́yìn òjò kẹta, ọ̀gọ̀mọ̀ náà ti gùn sí i ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, ewé rẹ̀ sì ti ń là.

A bi ìyá pé kí ni yóò sọ fún ọmọ rẹ̀. Ó ní, “N ó sọ fún un pé mo ti mọ èyí tí a ń gé àti èyí tí a kì í gé. Kí ó mú òmíràn bọ̀, ṣùgbọ́n kí ó dúró de òjò.”